TA NI YÓÒ SAN OWÓ ÌPÈ NÁÀ?

Bíbélì kíkà: Esteri 6:1-3, Luku 16:1-8, Filemoni, ẹsẹ 18 àti 19

  Àwọn tí wọ́n ń ṣètò ìwé ìrántí yìí ní kí n kọ ọ̀rọ̀ ìyànjú díẹ̀ sí i. Mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀. Ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ kò ní wọ́n nínú ìwé yìí, bẹ́ẹ̀ ni àwòrán àwọn àgbà ìjọ nínú aṣọ àdúrà funfun kò ní wọ́n. Nítorí náà ni mo ṣe mú ohun kan tí gbogbo wa ń lò lójoojúmọ́, tí a kì í sì í bi léèrè ọ̀rọ̀: ìwé tí ẹ̀rọ tẹlifóònù ń kọ nípa wa, tí wọ́n fi ń gba owó lọ́wọ́ wa.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ lọ sí ààfin Ṣuṣani. Ní òru ọjọ́ kan, oorun kò kun Ọba Ahaswerusi. Kò pe onílù, kò pe ọlọ́tí. Ìwé ìrántí ìjọba ni ó ní kí wọ́n gbé wá, kí wọ́n máa kà á sí òun létí. Níbi tí wọ́n ti ń kà á ni wọ́n ti kan orúkọ Mordekai, ẹni tí ó tú àṣírí àwọn ìwẹ̀fà méjì tí wọ́n fẹ́ pa ọba. Ọba béèrè ohun tí a fi san oore yìí fún un. Àwọn ìránṣẹ́ ní a kò ṣe nǹkan kan. Iṣẹ́ ti wà nínú ìwé, owó iṣẹ́ ni kò tíì jáde!

Àwọn oníwàásù máa ń yin Mordekai, wọ́n sì máa ń yin Esteri, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi a máa ronú nípa akọ̀wé tí ó kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ lọ́jọ́ tí ó ṣẹlẹ̀. A kò mọ orúkọ rẹ̀. Òun náà kò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹ̀mí gbogbo Júù yóò so mọ́ ìlà méjì tí òun kọ. Bí ó bá ti fo ọjọ́ náà ńkọ́? Bí ó bá ti gba rìbá lọ́wọ́ Hamani, tí ó pa orúkọ Mordekai rẹ́ ńkọ́? Ibo ni ìtàn ìbá gbà?

Irú akọ̀wé bẹ́ẹ̀ ti pẹ́ ní Èkó wa yìí. Ní 1886 ni okùn abẹ́ òkun tí a fi ń tẹ wáyà so Èkó pọ̀ mọ́ London. Nígbà tí yóò fi di 1893, tẹlifóònù ti wà ní àwọn ọ́fíìsì ìjọba ní Èkó. Ti ìjọba ni o, kì í ṣe ti mẹ̀kúnnù. Nígbà tí Captain Abiodun Akinsowon wà nínú ìran ní 1925, ènìyàn ni wọ́n rán lọ pe Bàbá Aládùúrà, Moses Orimolade, kí ó wá gbàdúrà. Ìpè ńlá ni ìpè yẹn, ẹnikẹ́ni kò sì gba bíìlì lórí rẹ̀.

Ẹ̀yin àgbà yóò rántí P&T, tí ó ń ṣe ti lẹ́tà tí ó sì ń ṣe ti tẹlifóònù. Ẹ ó rántí NET náà, tí ó ń ṣe ìpè òkè òkun, tí ó ní ilé gogoro tí wọ́n parí ní Marina ní 1979. Iná jó ilé náà ní oṣù January 1983. Ohun tí ó fa iná kì í ṣe ti èmi láti sọ níhìn-ín, ṣùgbọ́n ẹnu àwọn ará ìlú kò sinmi nígbà náà. Ìwé owó ni ọ̀pọ̀ ń béèrè. Bí ilé bá jó, ẹni tí ó ní ẹrù níbẹ̀ a béèrè ẹrù. Ará Èkó béèrè ìwé ìṣirò. Ní 1985 ni a da apá tẹlifóònù P&T pọ̀ mọ́ NET, tí ó di NITEL.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ iye tí ènìyàn yóò san láyé ìgbà náà? Ní ilé ẹ̀rọ àárín, tí àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ń pè ní exchange, olúkúlùkù ẹni tí ó ní tẹlifóònù ni ó ní mítà kékeré kan, tí wọ́n tò sára irin ní ẹsẹẹsẹ bí àpótí lẹ́tà. Bí o bá pe ènìyàn, tí onítọ̀hún sì gbé e, iná yóò ta mítà rẹ lẹ́ẹ̀kan, nọ́ńbà yóò sún síwájú. Bí ó bá jẹ́ ọ̀nà jíjìn ni o tẹ̀ fúnra rẹ, bíi Kánò tàbí Kàlàbá, yóò máa ta á léraléra, kì-kì-kì, títí o ó fi gbé e kalẹ̀. Ní ìparí àkókò, wọn yóò wá ka àwọn mítà náà. Ní àwọn ìlú mìíràn lágbàáyé, kámẹ́rà ni wọ́n fi ń ya gbogbo wọn ní fọ́tò, kí ọwọ́ ènìyàn má baà ṣi nọ́ńbà kọ. Wọn yóò yọ nọ́ńbà àtijọ́ kúrò nínú tuntun, wọn yóò fi owó ẹyọ kan sọ èyí tí ó kù di púpọ̀. Bíìlì dé nìyẹn.

Ẹ kíyèsí nǹkan kan o. Mítà yẹn kò mọ ẹni tí o pè. Kò mọ ọjọ́, kò mọ wákàtí. Iye nìkan ni ó mọ̀. Bí bíìlì bá wá tóbi ju bí o ṣe rò lọ, tí o lọ dúró níwájú kátábólì ní ọ́fíìsì tí o sì ní o kò pè tó bẹ́ẹ̀, ẹlẹ́rìí rẹ dà? Mítà ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rin, ìwọ ní rárá. Ta ni wọn yóò gbà gbọ́? Ìdí nìyí tí ìjà bíìlì fi pọ̀ ní Èkó tó bẹ́ẹ̀. Baálé ilé bá ìyàwó jà, onílé bá ayálégbé jà, gbogbo ènìyàn bá ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù jà. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà ní Èkó nígbà náà rántí kọ́kọ́rọ́ àgádágodo kékeré tí wọ́n ń fi sínú ihò ojú tẹlifóònù tí a ń yí, kí ó má baà ṣeé yí fún ẹni tí kò ní kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Ìwọ lè gbé e kí o gbọ́ ohùn rẹ̀. Pípè ni o kò lè pè. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe rò ó o. Mo ń padà bọ̀ wá sí ọ̀rọ̀ àgádágodo yìí.

Ti ọparétọ̀ yàtọ̀. Bí òun ni ó bá ọ so ìpè ọ̀nà jíjìn pọ̀, ìwé pélébé kan wà níwájú rẹ̀. Yóò kọ nọ́ńbà rẹ, yóò kọ nọ́ńbà ẹni tí o pè, yóò kọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tí ó parí. Ìwé pélébé yẹn ni bàbá ńlá àkọsílẹ̀ tí kọ̀ǹpútà ń ṣe lónìí. Ní Amẹ́ríkà, ní 1948, ilé-iṣẹ́ Bell ti bẹ̀rẹ̀ sí í lo ẹ̀rọ tí ó ń lu ihò sára ìwé gígùn fúnra rẹ̀ láti kọ ohun kan náà sílẹ̀. Ẹ gbọ́ ìtàn kan lórí èyí. Asìnkú kan wà ní Amẹ́ríkà, Almon Strowger lorúkọ rẹ̀. Ìtàn sọ pé ó rí i pé àwọn ènìyàn kì í fi ìpè dé ọ̀dọ̀ òun mọ́, ó sì fura pé ọparétọ̀ ń darí àwọn oníbàárà òun sí ọ̀dọ̀ asìnkú mìíràn. Inú bí i. Ó jókòó, ó ronú, ó sì ṣe ẹ̀rọ tí yóò so ìpè láìsí ọwọ́ ènìyàn níbẹ̀. Ní 1891 ni ìjọba fún un ní ìwé àṣẹ lé e lórí. Àìṣòótọ́ ènìyàn kan, tàbí ìfura lórí rẹ̀, ni ó mú ẹ̀rọ wọ inú iṣẹ́ tí ọwọ́ ènìyàn ń ṣe.

Ṣùgbọ́n ṣé ẹ̀rọ gba àìṣòótọ́ kúrò? Ẹ ṣí Luku orí kẹrìndínlógún. Ìríjú kan gbọ́ pé ọ̀gá òun fẹ́ lé òun kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ó yára pe àwọn ajigbèsè. Ẹni tí ó jẹ ọgọ́rùn-ún òṣùwọ̀n òróró, ó ní kí ó jókòó kí ó kọ àádọ́ta. Ẹni tí ó jẹ ọgọ́rùn-ún òṣùwọ̀n àlìkámà, ó ní kí ó kọ ọgọ́rin. Ẹ wo bí ó ṣe rí: kò fọwọ́ kan àgbá òróró, kò wọ inú àká lọ. Ìwé ni ó fọwọ́ kàn. Ohun tí ó wà nínú àká kò yí padà, ohun tí ó wà nínú ìwé ti yí. Mo ti gbọ́ tí àwọn ọmọ ìjọ kan tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ń fi ibí yìí gbè ara wọn lẹ́sẹ̀, pé ọ̀gá yìn ín. Ọgbọ́n rẹ̀ ni ọ̀gá yìn. Ìwé mímọ́ pè é ní aláìṣòótọ́ síbẹ̀. Bí o bá jókòó sídìí ìwé owó, tí o sì mú ẹrù ọlọ́rọ̀ tí ó fún ọ ní nǹkan lábẹ́lẹ̀, tí o gbé e ka orí opó tí kò mọ ẹni kankan, kì í ṣe ìwé lásán ni o ń yí. Bákan náà ni ẹni tí ó ṣí àpótí okùn ní ẹ̀gbẹ́ títì lóru, tí ó fi okùn tirẹ̀ kọ́ ti ẹlòmíràn, tí ó ń pe London lórí mítà aládùúgbò rẹ̀. Àwọn kan ń pe èyí ní ọgbọ́n Èkó. Olè ni, kò ní orúkọ mìíràn.

Ẹ jẹ́ kí a wá sí ayé tòde òní. August 2001 ni tẹlifóònù alágbèéká GSM dé ọ̀dọ̀ wa, Econet àti MTN ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde. ₦50 ni ìṣẹ́jú kan. Ọ̀pọ̀ nínú wa kò lè ra ẹ̀rọ náà, kí á tó wá sọ ti síìmù rẹ̀. Ìyá oní-kọ́ọ̀lù ni ó gbà wá. Ẹ rántí wọn, lábẹ́ agboòrùn ní Ìdúmọ̀tà, ní Àpọ́ńgbọ̀n, ní Òkè-Pópó, tábìlì onígi kan, àga ike méjì, aago lọ́wọ́. Ojú rẹ ń wo aago, ojú tirẹ̀ náà ń wo aago. O ń bá ọmọ rẹ sọ̀rọ̀, o ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ajá ń lé, kí ìṣẹ́jú má baà kún. Nítorí bí o bá lo ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta, ìṣẹ́jú méjì ni o ó san. Ìjà tí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta yẹn dá sílẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó kò kéré. Wọ́n fa aṣọ ya. Oníbàárà ní mo ti gbé e sílẹ̀, oní-kọ́ọ̀lù ní aago ti kọjá. Kì í sì í ṣe ẹ̀bi ìyá náà rárá, o jàre! Bí ilé-iṣẹ́ ṣe ń gé káàdì rẹ̀ ni òun náà ṣe ń gé tiwa.

Ẹ fi ọwọ́ ṣírò rẹ̀. Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́tàlélọ́gọ́ta, ní ₦50 ìṣẹ́jú kan. Bí a bá kà á ní ìṣẹ́jú odindi, ₦100 ni. Bí a bá kà á ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, ₦52 àti àádọ́ta kọ́bọ̀ ni. Ibo ni ìyókù lọ? Wòlíì Amosi, ní orí kẹjọ, sọ̀rọ̀ nípa àwọn oníṣòwò tí ara wọn kò gbà kí ọjọ́ ìsinmi kọjá kí wọ́n lè tún ṣí ọjà, tí wọ́n ń sọ òṣùwọ̀n ọkà di kékeré tí wọ́n sì ń sọ ìwọ̀n owó di ńlá. Ẹnìkan lè sọ pé àwọn ilé-iṣẹ́ kò purọ́ fún wa, pé wọ́n ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé ìṣẹ́jú ni àwọn ń tà. Òótọ́ ni, wọ́n sọ ọ́. Ẹni tí ó ń ta gààrí pẹ̀lú kóńgò tí wọ́n ti lù nídìí náà kò purọ́, kóńgò rẹ̀ wà níwájú gbogbo ayé. Ní August 2003 ni Globacom dé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Àwọn yòókù tẹ̀lé e. Ẹ̀rọ kan náà ni, afẹ́fẹ́ kan náà ni; òṣùwọ̀n ni ó yí padà. Lójú tèmi, ọjọ́ yẹn yẹ ní ọjọ́ ìdúpẹ́ fún àwọn aláìní ìlú yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé owó ni olúkúlùkù wọn ń wá.

Báyìí, kí ni ẹ̀rọ ń kọ gan-an nígbà tí o bá pe ènìyàn? Ó ń kọ nọ́ńbà rẹ. Ó ń kọ nọ́ńbà ẹni tí o pè. Ó ń kọ ọjọ́, àti wákàtí dé ìṣẹ́jú-àáyá. Ó ń kọ bí ọ̀rọ̀ ṣe pẹ́ tó. Ó ń kọ òpó tí ó gba ohùn rẹ, bóyá ti Marina ni tàbí ti Ẹ̀bútẹ̀-Èrò. Ó ń kọ ìdí tí ìpè fi parí, bóyá ẹ fi ara yín sílẹ̀ ni tàbí okùn já. Owó kò bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí o tẹ nọ́ńbà. Ìgbà tí ẹni ọ̀hún bá dáhùn ni ó bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá dún títí tí ẹnikẹ́ni kò gbé e, o kò ní san nǹkan kan, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé o pè. Ẹni tí ó fi káàdì sí i ṣáájú, ti tirẹ̀ tún yára jù: kí ìpè tó wọlé ni kọ̀ǹpútà ti wo iye tí ó kù sí i lọ́rùn, yóò ya díẹ̀ sọ́tọ̀, bí ìyẹn bá tán yóò ya òmíràn, bí kò bá sí mọ́, ó parí láàárín ọ̀rọ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ mọ ohun tí mo ń wí. Ìgbà kan wà tí ìpè ọ̀gànjọ́ òru di ọ̀fẹ́, ọmọ tí kò lè jí ní ìṣọ́ òru aago méjìlá ni ó ń jí fún un láìsí ẹni tí ó lu agogo.

Bí nọ́ńbà rẹ bá jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ kan, tí ti ọ̀rẹ́ rẹ sì jẹ́ ti òmíràn, ìwé méjì ni wọ́n ń kọ lórí ìpè kan. Èyí tí ó rán an kọ tirẹ̀, èyí tí ó gbà á kọ tirẹ̀, nítorí ẹni tí ó rán an ni yóò san owó fún ẹni tí ó gbà á. Ìjọba, nípasẹ̀ àjọ NCC tí òfin 1992 dá sílẹ̀, ni ó ń sọ iye tí wọn yóò máa san. Ní àkókò ìṣirò, wọn yóò gbé ìwé méjèèjì lé ara wọn. Ohun tí Esra ṣe gan-an nìyẹn ní orí kẹjọ ìwé rẹ̀. Kí ó tó kúrò létí odò Ahafa, ó wọn fàdákà àti wúrà fún àwọn àlùfáà méjìlá. Nígbà tí wọ́n dé Jerusalẹmu, wọ́n tún un wọ̀n ní ilé Ọlọ́run, wọ́n sì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Àlùfáà ni wọ́n o! Ènìyàn mímọ́ ni wọ́n, Esra fúnra rẹ̀ sì pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ ó wọ̀n ọ́n fún wọn lọ́wọ́, àwọn náà kò sì bínú pé kò gbà àwọn gbọ́. Nínú ìjọ wa, ẹni tí ó bá ń bínú nígbà tí a bá ní kí ènìyàn méjì jọ ka owó ọrẹ, ẹ fi ibí yìí hàn án.

Ohun kan wà tí ìwé ẹ̀rọ kò ní: kò ní ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ. Ó mọ̀ pé o pe ìyá rẹ ní Ìjẹ̀bú fún ìṣẹ́jú méje ní aago mẹ́rin ìdájí. Kò mọ̀ pé o sunkún. Dafidi sọ nínú Orin rẹ̀ kẹrìndínlọ́gọ́ta pé Ọlọ́run gba omijé òun sínú ìgò, pé ó sì wà nínú ìwé rẹ̀. Ìwé ti ilé-iṣẹ́ kò ní àyè fún omijé. Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ ẹ̀yin lọ́kọláya tí ẹ ń gbé tẹlifóònù ara yín yẹ̀ wò lóru. Ẹ rí nọ́ńbà, ẹ rí iye ìṣẹ́jú, ẹ sì fi ọ̀rọ̀ tí ẹ kò gbọ́ kún un láti inú ọkàn ara yín. Obìnrin kan fẹ́ kó jáde nílé ọkọ rẹ̀ nítorí nọ́ńbà kan tí ọkọ ń pè ní alaalẹ́. Nígbà tí a dé ìdí ọ̀rọ̀, nọ́ńbà nọ́ọ̀sì tí ó ń tọ́jú ìyá ọkọ náà ni, ọkọ kò sì fẹ́ kí ìyàwó mọ bí àìsàn náà ti le tó. Ìwé kò purọ́. Ìwé kò sì sọ gbogbo rẹ̀.

Kò sì mọ ẹni tí ó di ẹ̀rọ náà mú. Isaaki arúgbó, ojú rẹ̀ ti fọ́, ó gbọ́ ohùn Jakọbu dáadáa, ṣùgbọ́n awọ onírun ni ọwọ́ rẹ̀ kàn, ọwọ́ ni ó sì gbà gbọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ tẹlifóònù. Síìmù tí a fi orúkọ rẹ sí ni ó mọ̀. Láti 2011 ni wọ́n ti ń fi orúkọ àti ìka ọwọ́ wa sílẹ̀ lórí síìmù, òfin ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà ti 2015 sì sọ pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ tọ́jú àkọsílẹ̀ ìpè fún ọdún méjì. Bí o bá fi síìmù rẹ yá ẹni tí o kò mọ ìdí rẹ̀, tí ó fi ṣe ìjìnnìjìnnì, ẹnu ọ̀nà tìrẹ ni ọlọ́pàá yóò kọ́kọ́ kàn. Ẹ má fi síìmù tọrẹ bí ẹni fi bisikí tọrẹ. Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ jẹ́ kí ọmọ àdúgbò fi orúkọ yín ra síìmù, ẹ lọ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́la.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí àgádágodo. Ìyá àgbà kan wà ní agbo ilé kan ní ìtòsí Ìdúmàgbò ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn. Aládùúrà ni, ó ti sùn nínú Olúwa. Tẹlifóònù ọ̀dọ̀ rẹ̀ nìkan ni ó wà ní agbègbè náà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pe gbogbo wa. Ọmọdé kan yóò sáré jáde, yóò máa kígbe pé, “Bàbá Risi, wọ́n ń pè yín láti Kàdúná o!” Àwọn ayálégbé máa ń dá owó díẹ̀díẹ̀ sí bíìlì náà, ó sì ní ìwé kékeré kan tí olúkúlùkù ń kọ ìpè rẹ̀ sí. Ní oṣù kan, bíìlì dé, ó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní ìlọ́po mẹ́ta. Wọ́n gbé ìwé kékeré náà lé e, kò bára mu. Àgádágodo wà níbẹ̀, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́rùn Ìyá. Ariwo sọ. Àwọn kan ní ilé-iṣẹ́ ni ó ń rẹ́ wọn jẹ. Àwọn kan ń wo ìyàwó ayálégbé kan tí ó jẹ́ àjèjì. Ẹnìkan ní kí gbogbo ilé wá búra.

Ìyá kò gbà kí ẹnikẹ́ni búra. Ó sùn sórí àga ní pálọ̀ fún alẹ́ mélòó kan, ó bo ojú, ó ń hanrun. Ní alẹ́ kẹta, ó gbọ́ ìró kan bí ẹyẹ àkókó: tá-tá-tá-tá. Ọmọ àbúrò rẹ̀ ni, tí ó wá kọ́ iṣẹ́ ìtẹ̀wé lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọmọ náà ti rí i pé bí a kò tilẹ̀ lè yí ojú tẹlifóònù, bí ènìyàn bá ń fi ìka tẹ ìdí ibi tí a ń gbé ohùn lé, ìtẹ̀ mẹ́fà ni nọ́ńbà 6, ìtẹ̀ mẹ́wàá ni òdo. Òdo ni ọ̀nà jíjìn fi ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọbìnrin kan wà ní Ìbàdàn. Mítà kò bi í bóyá àgádágodo wà níbẹ̀.

Ìyá dákẹ́. Ó jẹ́ kí ó sọ̀rọ̀ tán. Ní òwúrọ̀, ó pe gbogbo ilé jọ, ó dá owó tí wọ́n ti dá padà fún wọn, ó ní, “Ẹ kọ ọ́ sí mi lọ́rùn. Ẹ̀jẹ̀ mi ni ó pè é.” Ó bẹ ìyàwó àjèjì náà níwájú gbogbo ènìyàn. Aṣọ òkè sányán rẹ̀ kan tí ó fi ṣe ìgbéyàwó ni ó tà láti fi kún owó náà. Ó kó owó lé ọmọ náà lọ́wọ́ kí òun fúnra rẹ̀ lọ tò sórí ìlà láti san án. Ọmọ náà tò láti òwúrọ̀ di ọ̀sán, ó sì mú rìsíìtì bọ̀. Ìyá fi rìsíìtì náà sínú Bíbélì rẹ̀. Mo fi ojú mi rí i níbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, ní ìwé Filemoni, ìwé tí ó kúrú tó bẹ́ẹ̀ tí rìsíìtì náà fẹ́rẹ̀ẹ́ bò ó tán.

Onesimu sá kúrò lọ́dọ̀ Filemoni ọ̀gá rẹ̀, ó sì dà bí ẹni pé ó jẹ ẹ́ ní gbèsè. Paulu wà nínú ẹ̀wọ̀n, kò ní kọ́bọ̀. Ó kọ̀wé pé bí ọmọ náà bá jẹ ọ́ ní ohunkóhun, kí o kà á sí òun lọ́rùn. Kò ní kí Filemoni fa ìlà rẹ́ bí ẹni pé gbèsè náà kò sí, bẹ́ẹ̀ ni kò ní kí ó kọ àádọ́ta sí ipò ọgọ́rùn-ún. Kí iye náà dúró, kí orúkọ ẹni tí yóò san án ni kí ó yí padà. Ó tilẹ̀ gba kálámù lọ́wọ́ akọ̀wé rẹ̀, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé òun yóò san án. Bíbélì kò sọ fún wa bóyá Filemoni fi bíìlì náà ránṣẹ́ sí i nínú túbú.